Owó tí ẹ san kò sọ texture di tiyín
Texture ni àwòrán ojú nǹkan, bí ògiri tàbí igi, tí a ń lò nínú iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri pé "bí o bá ti ra texture, tàbí tí o rí i lọ́fẹ̀ẹ́, o lè fi ṣe ohunkóhun tí o bá fẹ́ tà" kì í ṣe òótọ́ rárá, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ń gbà á gbọ́ jù. Àṣẹ ìlò lẹ rà. Ẹni tó ni ín ṣì ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹ fi texture ògiri tó ti ṣá sẹ́yìn àwòrán, ẹ pa gbogbo layer (àwọn ìpele àwòrán náà) pọ̀ di ọ̀kan, ẹ sì ta àwòrán náà: ọ̀pọ̀ àṣẹ ìlò gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó texture yẹn kan náà sínú brush (irinṣẹ́ ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà) tí ẹ fẹ́ tà, tàbí sínú fáìlì PSD (fáìlì Photoshop tí àwọn layer ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) tí oníbàárà ti lè yọ ọ́ jáde, ẹ ti ń tún ọjà ọlọ́jà tà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àṣẹ ìlò kò gba ìyẹn, àfi bí ẹ bá gba àṣẹ tó gbòòrò sí i.

Ti ọ̀fẹ́ ńkọ́? Ẹ wo àwọn àṣẹ ìlò tí àjọ Creative Commons (CC) ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. CC0, tí wọ́n gbé jáde ní 2009, gba òwò láìbéèrè nǹkan kan. CC BY ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. CC BY-NC kò fàyè gba òwò. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà àṣẹ náà pẹ̀lú rìsíìtì yín.