Ta ló tún ba tip mi jẹ́?

Ẹ gbà mí o. Mo gbé sample sí AFM láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí à ń pè ní tip yẹ ojú nǹkan wò láti ya àwòrán rẹ̀, gbogbo nǹkan tí mo rí, onígun mẹ́ta onígun mẹ́ta ni, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, àfi bí àdìrẹ Ìtòkú. Sample kọ́ o, tip ló ti kúnu, àwòrán ara rẹ̀ ló ń yà! Ẹnu tí ò ju bíi 10 nm (nanomita, ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) lọ, ẹ wá ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹni ń gun Olúmọ. Tip contact mode (ti wíwọ́ lórí sample láìgbé e kúrò), tó rọ̀ bíi 0.2 N/m (òṣùwọ̀n bí apá tip ṣe le tó), lẹ tún gbé sí tapping (níbi tí tip ti ń kàn án fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́), ẹ wá ní ẹ̀rọ ò dáa, nígbà tí ti tapping gan-an, tó le bíi 40 N/m, wà nínú dúrọ́ọ̀. Dọ́là la fi ń rà á o! Ká tiẹ̀ ní tip dáa, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì á tún máa mi tábìlì, ìlà á wá kún fọ́tò. Ẹni tó dá tip tó ti kán padà sínú páálí tí ò sọ fún èèyàn, mò ń bọ̀ wá bá ẹ.