Èsì wa sí màmá tó ra irúgbìn elégédé lọ́wọ́ wa láti Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, ẹ sì kú iṣẹ́ ọgbà. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí, mo sì tún un kà. Ìràwọ̀ méjì péré lẹ fún wa, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Elégédé Hubbard tí ẹ gbìn lóṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá fà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ewé rẹ̀ funfun, ìtàkùn rẹ̀ jẹrà, kò sì sí ẹyọ kan tó gbó lórí rẹ̀. Waltham Butternut, irú elégédé kejì tí ẹ rà, so ní tirẹ̀, àmọ́ òdòdó rẹ̀ já dànù púpọ̀, èyí tí ẹ sì sè kò dùn tó bí ẹ ṣe rò. Èyí tó wá dùn yín jù ni pé ẹ tọ́jú kóró inú Butternut náà, ẹ gbìn ín lọ́dún yìí, elégédé rìbìtì onílà aláwọ̀ ewé ló so. Ẹ ní ayédèrú irúgbìn la tà fún yín, àbí ṣé egúsí tí ẹ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ẹni tó pọn omi sídìí ọ̀gbìn fún oṣù mẹ́ta tí kò rí nǹkan ká, kò sí bí inú ò ṣe ní bí i. Mo ń dáhùn níbí ní gbangba nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ará Abuja tó ń gbin irúgbìn àbáláyé sẹ́yìnkùlé, ó sì ní ọ̀nà àbáyọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ayédèrú ṣáájú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé èyí tó so lọ́dún àkọ́kọ́ gùn lọ́rùn, pé ìdí rẹ̀ rí roboto, pé kò ní ilà lára. Butternut gan-an nìyẹn mà. Irúgbìn tí a tà fún yín ló so ó. Èyí tó yí padà ni kóró tó ti inú ọgbà yín jáde.

Oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti inú akọ òdòdó elégédé lọ sínú abo, oyin kì í sì í dúró ti fẹ́ǹsì ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn kabewa, ìyẹn elégédé ìbílẹ̀, tí àwọn Hausa àti Gbagyi ń gbìn káàkiri agbègbè wa níbí, èyí tí mò ń rí jù jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú Butternut, ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cucurbita moschata. Wọ́n lè gba oyún lára ara wọn. Bí oyin bá gbé lẹ́búlẹ́bú kabewa aládùúgbò yín wá sínú abo òdòdó Butternut, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan lára èso ọdún náà. Èèpo rẹ̀, ẹran rẹ̀, adùn rẹ̀, ti ìyá ni gbogbo rẹ̀. Inú kóró ni bàbá sá pamọ́ sí. Ìgbà tí ẹ bá gbin kóró yẹn ni ẹ tó máa rí ojú bàbá.

Irúgbìn àbáláyé níyì nítorí pé ọmọ rẹ̀ máa ń jọ ọ́, èèyàn lè máa gbìn ín láti ọdún dé ọdún láìpadà wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Irúgbìn hybrid, ìyẹn èyí tí wọ́n fi irú méjì pọ̀ ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀: kóró tí ẹ bá fà yọ nínú rẹ̀ máa ń so onírúurú. Ṣùgbọ́n tí kabewa bá wà nítòsí, bí i kìlómítà kan síra, ọwọ́ yín ni ẹ máa fi dáàbò bo ìran Butternut. Kò le. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ wá òdòdó tí yóò là lọ́la: orí rẹ̀ á ti máa di aláwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí. Abo ni èyí tó ní elégédé kékeré nídìí, akọ sì ń dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán. Ẹ fi rọ́bà tàbí òwú so ẹnu abo kan àti akọ méjì. Lówùúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ já àwọn akọ náà, ẹ ya ewé òdòdó wọn kúrò, ẹ tú ẹnu abo, ẹ fi ọ̀pá àárín akọ pa inú rẹ̀ yíká, kí ẹ sì tún ẹnu rẹ̀ so padà kíá kí oyin má bàa wọlé. Ẹ so òwú pupa mọ́ igi ìdí rẹ̀. Kóró inú èyí tó bá ní òwú pupa nìkan ni kí ẹ fi ṣe irúgbìn, kí ẹ sì máa jẹ ìyókù.

Egúsí yín kò mọwọ́mẹsẹ̀. Egúsí, igbá, ugu àti kùkúḿbà, ìbátan elégédé ni gbogbo wọn, àmọ́ wọn ò lè fún un lóyún. Ní ti elégédé rìbìtì yẹn, ẹ má jù ú nù. Ẹ gé bíńtín níbẹ̀, ẹ fi kan ahọ́n. Tí kò bá korò, ẹ sè é bí ẹ ṣe ń sè kabewa ọjà. Tó bá korò, ẹ tu ú dànù kíá. Oró tó ń mú elégédé korò kì í lọ nínú iná, ó sì lè da inú èèyàn rú gidigidi.

Ọ̀rọ̀ Hubbard ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èsì yìí dúró díẹ̀. Àwòrán ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yan irúgbìn. Hubbard rẹwà lóòótọ́, ó tóbi, èèpo rẹ̀ le gírígírí, ó ń pẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ẹwà ni pé: ẹ̀yà wo ni? Cucurbita maxima ni Hubbard. James Gregory, ọkùnrin kan tó ń ta irúgbìn ní Marblehead, ìlú etíkun kan ní Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì fi orúkọ Elizabeth Hubbard tó mú un wá sí ìmọ̀ ìdílé wọn pè é. Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ kúrú, òru rẹ̀ tutù. Ẹ̀yà maxima fẹ́ irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ooru àti ọ̀rinrin bá pàdé lórí ewé rẹ̀, bí i ti Abuja lóṣù Kẹjọ àti Ìkẹsàn-án tí òjò wa ń rọ̀ jù lọ, àrùn á bò ó.

Moschata ní tirẹ̀, ilẹ̀ olóoru tó wà nísàlẹ̀ ní àárín àti gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbìn ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn elégédé Seminole ju gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ wa lọ. Àwọn Seminole, onílẹ̀ ní Florida, ló ń gbìn ín nínú àbàtà wọn, níbi tí ooru ń mú, tí òjò sì ń rọ̀. Kì í tóbi púpọ̀, ẹran rẹ̀ sì pọ́n dáadáa. Tí ẹ bá gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìbàjẹ́. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé ìtàkùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó lè fà ju mítà mẹ́fà lọ, ó sì ń gun igi. Ẹni tí kọ́ḿpáǹdì rẹ̀ bá kéré á jẹ́ kó gun fẹ́ǹsì, tàbí kó dúró ti Waltham Butternut tí kì í fà tó bẹ́ẹ̀. Massachusetts náà ni Waltham ti wá, àmọ́ moschata ni, ó sì ń fara da ooru wa.

Ẹni tí kò bá ní páálí irúgbìn lọ́wọ́ lè mọ ẹ̀yà lára igi ìdí èso, ìyẹn igi tó so ó mọ́ ìtàkùn. Ti moschata le, ó ní igun márùn-ún, ó sì fẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti kan èso. Ti maxima rí roboto, ó wú, ó rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yà kẹta, Cucurbita pepo, irú Acorn àti Delicata, igi ìdí tirẹ̀ ní igun, ó sì ń gún ọwọ́. Ẹ lọ ṣe é wò níwájú àwọn tó ń ta kabewa ní ọjà Kubwa tàbí ti Gwagwalada, ẹ ó rí i.

A ò ní tìtorí èyí dẹ́kun títa Hubbard. Àwọn oníbàárà wa ní Jos ń gbìn ín, ó sì ń ṣe dáadáa fún wọn, torí Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, òru ibẹ̀ sì tutù. Ní Abuja níbí, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni mo lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ gbìn ín, ní ìparí oṣù Kẹwàá, tí ẹ bá ní omi kànga tàbí bọọ́hò tí kì í gbẹ.

Ìgbà gbígbìn tún wà níbẹ̀ mà. Oṣù Karùn-ún dára fún àgbàdo. Elégédé tí ẹ bá gbìn nígbà náà, àárín òjò líle ni yóò ti máa tanná, tí yóò sì máa so. Òjò ń fọ lẹ́búlẹ́bú dànù, oyin ò sì ń jáde. Butternut ń gba bí ọjọ́ 100 sí 120 kó tó gbó. Tí ẹ bá gbìn ín láàárín ìparí oṣù Keje sí àárín oṣù Kẹjọ, ìgbà tí òjò bá ń dínkù ni yóò máa tanná, oṣù Kọkànlá sí àárín oṣù Kejìlá ni ẹ ó kórè, ọyẹ́ á sì bá yín gbẹ èèpo rẹ̀. Ẹ máa bomi rin ín láti ìgbà tí òjò bá ti lọ. Àwọn ará Kano àti Katsina ò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé oṣù wa o. Òjò tiwọn tètè ń lọ, kí wọ́n gbìn ín ní ìparí oṣù Kẹfà, tàbí kí wọ́n lo fadama, ìyẹn ilẹ̀ olómi ẹ̀bá odò, lẹ́yìn òjò.

Òdòdó tó ń já dànù kọ́kọ́ jẹ́ akọ. Akọ ló máa ń ṣáájú abo yọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí lọ́jọ́ tó bá là. Ẹ má jáyà nítorí rẹ̀. Èyí tó ń kọ mí lóminú nínú ohun tí ẹ kọ ni pé ẹ̀ ń fín oògùn kòkòrò láràárọ̀. Kùtùkùtù ni òdòdó elégédé ń là, kí oòrùn tó mú tán ó ti pa dé. Àkókò yẹn gan-an ni oyin ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, oògùn yín sì ń pa á. Tó bá di dandan kí ẹ fín nǹkan, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, òróró dongoyaro ló sì wù mí jù. Ti eṣinṣin tó ń yé ẹyin sínú elégédé kékeré, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wé ọmọ èso ní kété tí òdòdó orí rẹ̀ bá ti rọ. Èyí tí ìdin bá ti wọ̀, ẹ má jù ú sórí ààtàn, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù kí oòrùn pa á. Ẹ sì dín ìgbẹ́ adìyẹ kù. Tó bá pọ̀ jù, ewé nìkan ni yóò máa yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀mùnú rẹ̀ ń ṣe ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ tó dùn.

Adùn tí ẹ kò rí, mo rò pé ẹ tètè ká a ni, torí ẹ kọ ọ́ pé ó ṣì ní àwọ̀ ewé lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ewé tán lára rẹ̀, kí èèkánná má lè wọ èèpo rẹ̀, kí igi ìdí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹ fi igi ìdí bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ lára rẹ̀, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ tò ó sórí pákó níbi ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ọ̀kan má kan èkejì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ìgbà yẹn ni ohun tó dà bí ẹ̀kọ inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi se miyar taushe, ọbẹ̀ elégédé àwọn Hausa, ẹ ó rí i pé adùn rẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí a ó ṣe fún yín rèé. A ó fi páálí Seminole kan àti Waltham tuntun kan ránṣẹ́ sí yín ní Kubwa, ẹ ò ní san owó kankan, ti dẹ́lífárì náà wà lọ́rùn wa. Ẹ gbìn ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú kóró, torí moschata ni àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ya fọ́tò igi ìdí elégédé rìbìtì yẹn àti kóró inú rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ilé iṣẹ́ wa, kí n lè mọ̀ bóyá kabewa àdúgbò yín ni bàbá rẹ̀ lóòótọ́.