Ààrò Mẹ́ta Kì í Dọbẹ̀ Nù

Ẹni tó ti dáná igi rí ni òwe yìí yé jù. Gbé ìkòkò ka orí òkúta kan, yóò dojú dé. Gbé e ka méjì, yóò máa mì síwá sẹ́yìn títí ọbẹ̀ yóò fi dà sínú eérú. Ṣùgbọ́n bí o bá ti wá ẹ̀kẹta, tí o fi ẹsẹ̀ tì í kó jókòó dáadáa, o lè máa ro ọbẹ̀ rẹ, kó o máa lé ewúrẹ́, kó o sì máa dá aládùúgbò lóhùn, ìkòkò náà kò ní mira. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù.

Òwe yìí gan-an ló sì da ọbẹ̀ nù nílé wa ní Kúdẹtì, ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ ìkómọjáde ọmọ àbúrò mi ni. Bàbá ìjọ tó wàásù fẹ́ ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan fún wa, ó sì mú òwe náà bọnu: Baba ni ààrò kìn-ín-ní, Ọmọ ni èkejì, Ẹ̀mí Mímọ́ ni ẹ̀kẹta, ìgbàlà wa ni ọbẹ̀ orí rẹ̀. Gbogbo ilé ṣe "Àmín". Ni ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá dìde. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń lọ sí ìjọ kan tí wọ́n ti ń ṣèrìbọmi ní orúkọ Jésù nìkan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òkúta mẹ́ta, ṣé kì í ṣe òkúta mẹ́ta náà ni? Ọlọ́run mélòó wá là ń sìn?" Kí ó tó jókòó, ẹnìkan ti pè é ní aṣòdì-sí-Kristi. Ọmọ náà gbaná jẹ. Ó yíjú sí ìyá mi, ìyá ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó ní omi lásán ni wọ́n dà lé wọn lórí, wọn kò tíì ṣèrìbọmi rárá. Ilé dàrú. Àmàlà tutù sínú abọ́. Ọmọ náà mú ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Oṣù márùn-ún gbáko, kò pe ẹnikẹ́ni nínú wa, àwa náà kò pè é.

Inú bí mi gidigidi, nítorí Màmá sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo rí i pé ìbéèrè tí ọmọ náà kọ́kọ́ béèrè tọ̀nà, a kò sì dá a lóhùn. Èébú la fi dáhùn.

Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí. Mo gba Mẹ́talọ́kan gbọ́, tọkàntọkàn ni mo sì fi gbà á gbọ́. Síbẹ̀ mo ní láti sọ ọ́: òwe ààrò dùn létí, ṣùgbọ́n kò lè gbé Mẹ́talọ́kan. Òkúta mẹ́ta, mẹ́ta náà ni. O lè yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀ kó o fi tìlẹ̀kùn. Ìjọ kò sì fìgbà kan kọ́ni pé àwọn mẹ́ta ló dara pọ̀ tí wọ́n fi di Ọlọ́run. Àwọn àkàwé yòókù tí à ń gbọ́ láti Mọ́kọ́lá dé Mọ́lété kò sàn jù ú lọ. Wọ́n ní omi kan náà ló ń di yìnyín, òun náà ló ń di ooru tó ń jáde lẹ́nu kẹ́túlù. Ó dára, ṣùgbọ́n omi tó ti di yìnyín kò sí nínú kẹ́túlù mọ́. Ta wá ni Jésù ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tó ń gbàdúrà ní Gẹtisémánì? Wọ́n ní ọkùnrin kan lè jẹ́ bàbá fún ọmọ rẹ̀, kó jẹ́ ọkọ fún ìyàwó rẹ̀, kó sì jẹ́ ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi mọ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sabellius nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjọ sì kọ̀ ọ́. Oníwàásù tó fi omi àti yìnyín kọ́ wa lọ́jọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan, tó wá ń bú àwọn "Jésù Nìkan", irú ìjọ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ àwọn tó ń bú ló fi kọ́ wa. Àkàwé ẹyin adìyẹ wá ńkọ́, pé èèpo, funfun àti pupa inú rẹ̀ ló para pọ̀ di ẹyin kan? Èèpo ẹyin nìkan kì í ṣe ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta Ọlọ́run.

Ohun tí ìjọ ń sọ kò gùn. Ọlọ́run kan ló wà. Baba jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, Ọmọ bẹ́ẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ bẹ́ẹ̀. Baba kì í ṣe Ọmọ, Ọmọ kì í ṣe Ẹ̀mí. Síbẹ̀ Ọlọ́run kan ni. Ọgbọ́n ìṣirò wa kò ká a, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ojú tì wá láti jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èdè tiwa gan-an tilẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́ níbi tí a kò fojú sí. Láti pe ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn Gíríìkì sọ pé *hypostasis*, àwọn onílátìn sọ pé *persona*, àwa sọ pé "ẹni". Ẹni tó bá gbọ́ "ẹni mẹ́ta" lè máa wo ènìyàn mẹ́ta tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní "Ẹni tó ni ayé," ta ló ń ro ẹsẹ̀ àti apá? Tún wò ó: bí mo bá sọ fún ọ pé "Bàbá ti dé, wọ́n wà ní yàrá," o kò ní béèrè pé bàbá mélòó. Ọ̀wọ̀ la fi sọ ẹnìkan di púpọ̀. Àgbà lásán à ń pè ní "ẹ̀yin", ṣùgbọ́n bí a bá kúnlẹ̀ níwájú Olódùmarè, "Ìwọ" là ń pè é. Mo máa ń ronú lórí èyí púpọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mi ò fi í gbé àríyànjiyàn mi ka orí "Ẹ jẹ́ kí á dá ènìyàn ní àwòrán wa" nínú Jẹ́nẹ́sísì. Iye tí ọ̀rọ̀ ń kà lè má jẹ́ iye ohun tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà sọ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn, tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: pé Constantine ọba Róòmù ló hùmọ̀ Mẹ́talọ́kan níbi ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní ọdún 325. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìpàdé yẹn tí Tertullian, ọmọ Carthage ní àríwá Áfíríkà, ti ń lo *trinitas*, ọ̀rọ̀ Látìn fún Mẹ́talọ́kan, nínú ìwé rẹ̀. Áfíríkà náà ni ìjà fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì. Arius, àlùfáà kan níbẹ̀, ń kọ́ni pé Baba ló dá Ọmọ, pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Nicaea kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lo *homoousios*, tó túmọ̀ sí pé ohun kan náà gan-an tí Baba jẹ́ ni Ọmọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí nítorí kò sí nínú Bíbélì! Àwíjàre tí à ń gbọ́ ní Ìbàdàn lónìí, pé "Ẹ fi Mẹ́talọ́kan hàn mí nínú Bíbélì", kì í ṣe tuntun. Ohun tó mú wọn lò ó ni pé ẹsẹ Bíbélì yòówù tí wọ́n bá kà, Arius àti àwọn tirẹ̀ máa ń gbà á, wọn a sì túmọ̀ rẹ̀ sí ibi tó wù wọ́n.

Ti ọba wá ńkọ́? Constantine kan náà ló lé Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdríà tó dúró gbọn-in-gbọn-in fún ìpinnu Nicaea, lọ sí ìgbèkùn ní ọdún 335. Ọmọ rẹ̀, Constantius, gbè sẹ́yìn àwọn tó kọ ìpinnu náà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lé Athanasius kúrò nílùú. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ ọba ló fìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀, kí ló dé tí ọba tún ń lé ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ káàkiri? Ọdún 381, ní Constantinople, ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ tó kún nípa Ẹ̀mí Mímọ́; ohun tí ti 325 sọ kò ju "àti nínú Ẹ̀mí Mímọ́" lọ. Kódà àwọn tó gba Mẹ́talọ́kan gbọ́ kò tíì fohùn ṣọ̀kan tán: àwa ń kà nínú Ìgbàgbọ́ Nicaea pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń ti "ọ̀dọ̀ Baba àti Ọmọ" wá, àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Ìlà-Oòrùn kò sì gba "àti Ọmọ" yẹn títí di òní.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn yòókù. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹni tí kò bá ti gba Mẹ́talọ́kan, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Irọ́ ni. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà gbà pé Ọmọ ni ẹni tí Ọlọ́run kọ́kọ́ dá, pé kì í ṣe ẹgbẹ́ Baba. Nínú Bíbélì tiwọn, ohun tó wà nínú Jòhánù 1:1 ni pé Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ "ọlọ́run kan". Àwọn "Jésù Nìkan", tí wọ́n yapa láàárín àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì Amẹ́ríkà ní 1916, kò rẹ Jésù sílẹ̀ rárá. Wọ́n ní Jésù ni Ọlọ́run náà gan-an, òun ni Baba, òun ni Ẹ̀mí. Èkíní ní Ọmọ kéré sí Baba, èkejì ní Ọmọ ni Baba fúnra rẹ̀. Ẹni tó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó sẹ́ Jésù parọ́ mọ́ ọn. Orúkọ Jésù ni ọmọ yẹn ń pè sùn, òun ló ń pè jí.

Wọ́n sì ní ẹsẹ Bíbélì lọ́wọ́. "Baba mi tóbi jù mí lọ" wà nínú Jòhánù 14:28, bí "Ọ̀kan ni èmi àti Baba mi" ṣe wà nínú Jòhánù 10:30. Jésù pàṣẹ ìrìbọmi ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ nínú Mátíù 28:19, ṣùgbọ́n nígbà tí Pétérù ń wàásù nínú Ìṣe 2:38, ó ní orúkọ Jésù Kristi. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ẹsẹ wọ̀nyí, kí ó má tíì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kí ó sì fi àwọn òkúta tó ń mì sílẹ̀. Àwọn kan ṣì ń lo 1 Jòhánù 5:7, níbi tí Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ti ń jẹ́rìí ní ọ̀run, láìmọ̀ pé kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì àtijọ́. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Erasmus yọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì ní 1516. Ariwo àwọn ènìyàn pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì dá a padà ní 1522. Mẹ́talọ́kan kò nílò ẹsẹ tí a fi kún un.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1553, wọ́n dáná sun Michael Servetus láàyè ní Geneva nítorí ohun tó kọ tako Mẹ́talọ́kan àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Ohun tí àwọn tó sun ún gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run ni mo gbà gbọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1853, ni David Hinderer, míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí iṣẹ́ wọn sì fìdí múlẹ̀ ní Kúdẹtì tiwa yìí. Mo dúpẹ́ pé wọn kò kó iná yẹn wá fún wa. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.

Ẹ wo Ìbàdàn tí à ń gbé. Àbúrò bàbá mi, Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí Kùránì ti wí pé Ọlọ́run kò bímọ, a kò sì bí i. Bí Iléyá bá dé, ilé wọn la máa ń wà láti àárọ̀, a ó jẹ ẹran, a ó sì gbé ti Màmá wálé nínú abọ́ tó bò. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba Jésù gbọ́ kí a tó jẹ ẹran wọn. Ní ọjọ́ ìkómọjáde yẹn, àwọn ni wọ́n dìde láti là wá. Wọ́n dúró láàárín wa pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀yin onígbàgbọ́, Jésù kan náà lẹ fi ń lu ara yín báyìí?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì.

Níkẹyìn, èmi ni mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ fún orúkọ tí wọ́n pè é, nítorí mo wà níbẹ̀ tí mi ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún un pé ohun tó sọ fún Màmá kò dáa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa padà wálé ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ìyá rẹ̀. Màmá fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní kó lọ fọ ọwọ́. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, òun ni wọ́n ní kó gbàdúrà sí i. Ó gbà á, ó sì parí rẹ̀ ní orúkọ Jésù, gbogbo wa ṣe "Àmín", nítorí orúkọ kan náà la fi ń parí tiwa. A jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ó gbóná. Bí wọ́n ṣe palẹ̀ abọ́ mọ́, ó fa Bíbélì rẹ̀ yọ nínú àpò, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣí Jòhánù 14." Mo lọ mú ìgò ojú mi. Màmá ti sùn lọ lórí àga kí a tó kúrò ní ẹsẹ kẹsàn-án.