Ẹ jẹ́ kí Abraham Wald sinmi

Àwòrán bàálù tó ní àmì pupa káàkiri ara yẹn, tí àmì náà ń fi ibi tí ọta ti bà á hàn, tún ti gòkè lórí ìkànnì ayélujára o. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àṣeyọrí ló gbé e síta, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọta ayé bá bà ọ́ tó o sì ń fò lọ, o máa gúnlẹ̀ sí ibi ògo. Làwọn èèyàn bá ń ṣe "Àmín" lọ ràì.

Àmín kẹ̀! Ohun tí Wald, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n máa ń so àwòrán náà mọ́, ṣe kọ́ nìyẹn. (Kì í tiẹ̀ ṣe òun ló ya àwòrán náà, ìṣirò ló kún inú ìwé tirẹ̀.)

Júù ni, Kolozsvár ni wọ́n bí i sí ní 1902, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lọ́wọ́ Hungary. Ó gboyè dókítà nínú ìṣirò ní Vienna ní 1931, àmọ́ ta ló fẹ́ gba Júù síṣẹ́ yunifásítì níbẹ̀ nígbà náà? Hitler gba Austria ní 1938, Wald bá sá lọ sí Amẹ́ríkà. Yunifásítì Columbia ní New York ló wà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ọ̀rọ̀ bàálù ajubọ́ǹbù fi dé iwájú rẹ̀: ibo lára bàálù ló yẹ kí wọ́n dáàbò bò? Ẹni tó bá wo àwọn bàálù tó padà dé láti ojú ogun, á ní kí wọ́n fi irin bo ibi tí ihò pọ̀ sí. Èyí tí ọta bà ní ẹ́ńjìnì wá ńkọ́? Ó ti já, kò sí níbẹ̀ tí wọ́n á fi ka ihò ara rẹ̀. Àwọn tí kò dé yìí ni Wald ń ṣírò: ibi tí ihò kò pọ̀ sí lára àwọn tó dé gan-an ló yẹ kí wọ́n fi irin bo.

Àwa wá ńkọ́? Ẹni tó fi yunifásítì sílẹ̀ tó wá lówó, òun là ń gbé maikirofóònù fún. Àwọn tó fi sílẹ̀ tí nǹkan ò ṣẹnuure fún, ta ló pè wọ́n wá jẹ́rìí rí?

Nǹkan kan ṣì ń dà mí láàmú. Wald sá àsálà, àwọn Nazi sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹbí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, bàálù já pẹ̀lú òun àti ìyàwó rẹ̀ ní India. Àwọn tí kò rí ọ̀nà sá ní 1938, mélòó nínú wọn ló ní irú ọpọlọ tí Wald ní? Ó rí ọgbọ́n dá sí ti bàálù. Ti èèyàn, mi ò mọ ẹni tó lè ṣírò ẹ̀.