Ìjọba nìkan kọ́ ló bí Queen's College

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín fẹ́ àtúnṣe. Ẹ ní òyìnbó ló ṣàánú àwọn ọmọbìnrin Èkó, tó fi Queen's College, ilé-ìwé girama ìjọba fún àwọn ọmọbìnrin, ta wọ́n lọ́rẹ ní 1927, pé àwọn ìyá wa ò mọ̀ ju ọjà àti òde àríyá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Láti 1909 ni ìjọba ti dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin. Odidi ọdún 18 ni àwọn ọmọbìnrin fi dúró! (Methodist Girls' High School ti wà láti 1879, ṣùgbọ́n ti ìjọ nìyẹn.) Àwọn obìnrin Èkó ò káwọ́ gbera. Oyinkansọla, ọmọ Ajasa, tí a wá mọ̀ sí Lady Abayomi, kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó kàwé jọ, wọ́n ń dáwó kí Queen's College lè dúró. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, òun náà wà lára àwọn olùkọ́. Kofoworọla Ademọla, obìnrin aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní Oxford, kọ́ni níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lady Abayomi kú ní 1990, Lady Ademọla ní 2002. Iṣẹ́ wọn ò kú; ohun tí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ kì í tán lára rẹ̀. Títí dòní, ìyá mi máa ń gé èékánná ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, torí olùkọ́ rẹ̀ obìnrin kan ní Ẹ̀búté Mẹ́tta máa ń yẹ ọwọ́ wọn wò láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìka kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ṣí ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orúkọ wọn kún ọ̀rọ̀ yín.