Brian Kokubo: ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àbí orúkọ ló gbé e?

Tísà Bọ́ọ̀lù: Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Kí Òlíńpíìkì Paris 2024 tó bẹ̀rẹ̀, èèyàn mélòó ló mọ Leo Brian Kokubo, gólì Japan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà? Ikọ̀ kejì Benfica ní Portugal ló wà. Japan na Paraguay 5-0, ó tún na Mali 1-0, ni àwọn ará ọ̀hún bá yí Kokubo padà sí «kokubō», ìyẹn ààbò orílẹ̀-èdè. Bí «Kokubō Brian» ṣe gba orí Twitter wọn kan nìyẹn. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, àbí àwàdà lásán?

Àjàní Sùúrùlérè: Ọmọ wa ni jàre! Ẹ̀jẹ̀ ò lè parọ́.

Kúnlé Ẹlẹ́rìn-ín: Ọmọ ta? Kashiwa Reysol ní Japan ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ti jẹ àmàlà rí?

Ìyá Ìbejì: Àwa tí à ń jẹ àmàlà, Òlíńpíìkì wo la lọ? 😂

Ṣọlá Gólì: Iṣẹ́ ọwọ́ ni o. Ẹ rántí pẹnáritì Mali, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ó mú un bí ẹni mú ìgbín.

Adé Òṣogbo: Irọ́ ni, Ṣọlá. Ìta ni Doumbia gbá a sí.

Ṣọlá Gólì: Ojú mi báyìí ni mo fi wò ó.

Adé Òṣogbo: Ojú yẹn ń fẹ́ awò. Ti Uzbekistan lò ń rò, àṣekágbá ìdíje Éṣíà ti àwọn tí kò ju ọdún 23 lọ, ní Doha, oṣù karùn-ún ọdún 2024. 90 ìṣẹ́jú ti pé kí Japan tó rí ẹyọ kan gbá wọlé, ni wọ́n bá fún Uzbekistan ní pẹnáritì. Ìyẹn ló mú.

Rẹfirí Àdúgbò: Ikọ̀ KEJÌ Benfica. Kì í ṣe Benfica gan-an.

Tísà Bọ́ọ̀lù: Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ ọ́ sókè. Ọdún yẹn náà ló kọjá sí Sint-Truiden ní Belgium.

Bàbá Fúnkẹ́, London: Nwabali tó ṣọ́ gólì fún Nàìjíríà ní AFCON ni kí ẹ máa gbé gẹ̀gẹ̀. Pẹnáritì méjì ló mú mọ́ South Africa lọ́wọ́ ní Bouaké.

Kúnlé Ẹlẹ́rìn-ín: Bàbá, ta ló dárúkọ Nwabali?

Bàbá Fúnkẹ́, London: Èmi ni. Ṣé wọ́n ń gbowó ni?

Ìyá Ìbejì: Spain kúkú jẹ wọ́n ní 3-0 ní Lyon. Ààbò orílẹ̀-èdè sùn lọ 😂😂

Àjàní Sùúrùlérè: Bí VAR ò bá fagi lé èyí tí Hosoya gbá wọlé fún Japan ńkọ́? Ẹsẹ̀ bíńtín ni wọ́n ló yọ síwájú! 1-1 ni ì bá jẹ́.

Rẹfirí Àdúgbò: IKỌ̀ KEJÌ!!! Ẹ Ò GBỌ́ NI?

Ìyá Ìbejì: A gbọ́, sà. Ẹ mu omi.

Ṣọlá Gólì: Adé, mo ti padà lọ wo ti Mali. Ẹ̀rù Kokubo ló ba Doumbia tó fi gbá a síta. Mímú náà nìyẹn.

Adé Òṣogbo: Ó dáa. Èmi náà mú un láti Òṣogbo níbí.