Ọba Bá Póòpù Gbàdúrà, Òfin 1701 Ṣì Dènà

Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Ọba Charles Kẹta ti Ìlú Ọba àti Póòpù Leo Kẹrìnlá jọ gbàdúrà nínú Sistine Chapel ní Vatican. Láti ìgbà tí Henry Kẹjọ ti gba ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lọ́wọ́ Róòmù ní 1534, ọba Gẹ̀ẹ́sì kankan kò bá Póòpù gbàdúrà ní gbangba rí. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n ká ní ọba náà sọ lọ́jọ́ kejì pé òun ti di ọmọ ìjọ Àgùdà, adé ti bọ́ lórí rẹ̀ nìyẹn. Òfin yóò kà á sí òkú, adé yóò sì kọjá sórí Pùròtẹ́sítáǹtì tó kàn, bí ẹni pé ọba ti wàjà.

Kí wọ́n yọ òfin yẹn kúrò. Ogun tó bí i ti parí tipẹ́.

Ẹ̀sìn ni wọ́n fi bojú. Ọ̀rọ̀ ta-ni-yóò-jẹ ló wà nídìí rẹ̀. James Kejì, tó jẹ́ Àgùdà, gorí ìtẹ́ ní 1685. Àwọn ìjòyè fara dà á, torí pé Pùròtẹ́sítáǹtì ni àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, Mary àti Anne: bí bàbá bá kú, ọ̀rọ̀ tán. Àfi bí olorì ṣe bí ọmọkùnrin lóṣù kẹfà 1688. Ọmọ ọwọ́ yìí ni yóò ṣíwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé orí ìtẹ́, inú ìjọ Àgùdà ni wọn yóò sì ti tọ́ ọ. Ni wọ́n bá ń sọ kiri pé olorì kọ́ ló bí i, pé inú àwo ẹyin iná tí wọ́n fi ń mú ibùsùn gbóná ni wọ́n gbé e gbà wọ yàrá. Irọ́ gbuu ni; èrò kún yàrá náà nígbà tí olorì ń rọbí. Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà, ọkùnrin méje kọ̀wé pe William ti Orange, ọkọ Mary, láti Netherlands. William gúnlẹ̀ sí Torbay, létíkun England, lọ́jọ́ 5 oṣù kọkànlá. Bí James ṣe ń sá lọ, ó ju òǹtẹ̀ ńlá ìjọba sínú odò Thames, bí ẹni pé ìjọba ò lè rìn láìsí òǹtẹ̀. Ilé Aṣòfin ní sísá tó sá, ó ti kọ adé sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì fi William àti Mary jọba.

Òfin Ẹ̀tọ́ 1689 ló kọ́kọ́ dí Àgùdà lọ́nà. Nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Anne, tí adé kàn lẹ́yìn William, kú ní 1700, ní ọmọ ọdún 11, wọ́n ṣe Òfin Ìjogún Adé 1701. Wọ́n fo ìbátan tó lé ní 50, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, kí wọ́n tó kan Sophia ti Hanover ní Germany, tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì. Àwọn ọmọlẹ́yìn James gbógun dìde ní 1715 àti 1745. Wọ́n fọ́ wọn túútúú ní Culloden ní Scotland ní 1746. Ẹni ìkẹyìn nínú ìdílé náà tó ń du adé, Henry Stuart, di kádínà ní Róòmù. George Kẹta, ọmọ ìdílé tó gba adé lọ́wọ́ wọn, ló tún ń fún un lówó ìtọ́jú. Henry kú ní 1807. Ta la tún ń bẹ̀rù?

Ní 2013, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Wọ́n fàyè gbà á pé kí ọmọ ọba fẹ́ Àgùdà. Ọmọọba Michael ti Kent, tó pàdánù ipò rẹ̀ ní 1978 nítorí ìyàwó tó fẹ́, rí i gbà padà ní 2015. Àrẹ̀mọ lè bá Àgùdà sùn lórí ibùsùn kan, kò gbọdọ̀ bá a gba ara Olúwa.

Àwọn tó fẹ́ kí òfin dúró ní ẹjọ́ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ọba ni Gómìnà Àgbà Ìjọ England, Àgùdà kò sì lè wà nípò yẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ipò yẹn ló yẹ ká tú kúrò lára adé. Ní Scotland, ọba kì í ṣe olórí ìjọ. Ó kàn ń búra láti dáàbò bò ó, bí Charles ti búra lọ́jọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2022. Ìjọ náà kò wó. Kí wọ́n gbé ìṣàkóso Ìjọ England fún sínóòdù rẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin fún ìjọ náà.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Òfin 1689 àti ti 1701 kò dá nìkan wà: Òfin Ìdàpọ̀ 1707, tó so England àti Scotland pọ̀, tún ọ̀rọ̀ náà sọ, òfin 1910 sì ní kí ọba tuntun kéde pé Pùròtẹ́sítáǹtì tòótọ́ ni òun. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan tí wọ́n gbàgbé ìyókù, ìlẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn èèyàn wa. Ọmọ Yorùbá tó bá gba ìwé ọmọ-ìlú ní London máa ń búra fún ọba àti àwọn tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀ "gẹ́gẹ́ bí òfin". Òfin tí wọ́n ń wí nìyí. Bí olùbúra bá jẹ́ Àgùdà, ó ń búra fún òfin tó ní ẹni tó bá ń sin Ọlọ́run bíi tirẹ̀ kò yẹ lórí ìtẹ́.

Ìsinsìnyí gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣe é. Charles, ọmọ rẹ̀ William àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ George, Áńgílíkà ni gbogbo wọn; kò sẹ́ni tí àtúnṣe náà yóò gba adé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ilẹ̀ 14 mìíràn tí Charles ń jọba lé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà àtúnṣe 2013 yẹn, láti ìpàdé tí àwọn olórí ilẹ̀ wọ̀nyí ṣe ní Perth, Australia, lóṣù kẹwàá 2011 títí di oṣù kẹta 2015 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, nítorí pé ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Australia ní láti ṣe òfin tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Canberra, olú-ìlú Australia, ni kí Ilé Aṣòfin Westminster kọ́kọ́ kọ̀wé sí.